Kérésìmesì nílé wa ní London: báwo la ṣe lè ṣe é kó jọ tilé?

Àbẹ̀kẹ́ Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Lọ́dún yìí, ilé wa ló kàn láti gbàlejò Kérésìmesì. Ẹbí ọkọ mi, ẹbí tèmi, àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa ò ní dín ní ọgbọ̀n. Ilé náà ò tóbi: pálọ̀ kan, yàrá mẹ́ta, gádìnì kékeré lẹ́yìn. Máàmi á sì ti dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà yẹn.

Ohun tí mò ń bá yí rèé. Bákan náà ni gbogbo ọdún tí à ń lọ bá àwọn èèyàn wa ṣe níbí rí. Wọ́n á gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wá nínú páànù fóìlì, wọ́n á yí orin sókè débi pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ohùn ẹnìkejì, àwọn ọmọ á kó fóònù wọn lọ sí yàrá òkè títí ilẹ̀ á fi ṣú. London ni mo bí àwọn ọmọ mi méjèèjì sí, ọ̀kan jẹ́ ọdún méjìlá, èkejì mẹ́sàn-án. Tí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe ní Kérésìmesì nílé Yorùbá, "ìrẹsì" ni wọ́n máa dá yín lóhùn. Mo fẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì: Mùsùlùmí láti Ìlọrin ni ẹbí ọkọ mi. Wọ́n máa ń wá, wọn kì í bínú sí i, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n jókòó bí ẹni tó wá wòran ọdún ọlọ́dún. Kí lẹ̀ ń sè? Kí lẹ̀ ń ṣe? Kí lẹ kì í ṣe rárá?

Ìyá Aláṣè Dagenham

Ẹ kú ìnáwó, Àbẹ̀kẹ́. Ọgbọ̀n èèyàn ò pọ̀. Ìrẹsì kílò mẹ́ta á tó wọn tí oúnjẹ mìíràn bá wà nílẹ̀. Ẹ̀wà kílò méjì á fún yín ní mọ́ín-mọ́ín tó nǹkan bí ogójì. Ewé ni kí ẹ fi pọ́n ọn o, ẹ má fi ike pọ́n ọn fún mi. Àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ní Peckham yín níbẹ̀ yẹn máa ń ní ewé eéran tí wọ́n gbé sínú fíríìsà. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ ra ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Éṣíà, ẹ yán an lórí iná díẹ̀ kó rọ̀, kó má baà ya nígbà tí ẹ bá ń ká a.

Adìẹ: ẹ wá àgbébọ̀. Adìẹ rírọ̀ tó wà nínú súpámákẹ́ẹ̀tì yẹn, tí ẹ bá bọ̀ ọ́ tán kí ẹ tó dín in, eegun lásán lẹ máa bá nínú ìkòkò.

Ọ̀kan tí mi ò fi ṣeré ni ìrẹsì tó bá kù. Àwọn tí ìjọba fi ṣọ́ oúnjẹ níbí sọ pé kí ó ti tutù láàárín wákàtí kan, kó wọ fíríìjì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí 24. Kòkòrò kan wà lára ìrẹsì tí iná kì í pa tán, orí ìrẹsì tó bá wà nílẹ̀ nínú pálọ̀ tó gbóná ló ti ń bí sí i. Nítorí náà ẹ fi ìrẹsì gbígbóná sínú kúlà tí yóò mú kó máa gbóná, kí ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da gbogbo ẹ̀ sínú àwo ńlá láti ọ̀sán títí di alẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, mi ò rí ìkọ́kọrẹ́ níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó! Ìyá yín á wọkọ̀ òfuurufú wá, ẹ ó wá gbé jọ̀lọ́ọ̀fù ka iwájú wọn bí ẹni tó lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìkẹjà.

Ewùrà ni kí ẹ rà, kì í ṣe iṣu lásán. Ẹ rin ín kó kúnná, ẹ fi iyọ̀ sí i. Kí ọbẹ̀ ti máa hó lórí iná: ata, epo pupa, ẹja gbígbẹ, pańla, edé. Ẹ wá máa fi ọwọ́ ṣù ú wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ náà, ẹ dé e, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ má rò ó títí tí yóò fi ki. Ẹni tó bá tètè ti ọmọrogùn bọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀ ló sè yẹn.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ dákun, ẹ dúró ná kí ẹ tó gbé ewùrà lé obìnrin yìí lọ́wọ́.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn. Kérésìmesì tàbí ọjọ́ lásán, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi. Gbogbo ohun tí ẹ̀ ń kà sílẹ̀ yìí, ta ni yóò sè é? Nílé wa ní Ọ̀wọ̀, tí ọdún bá dé, ìyá mi kọ́ ló ń dá dáná. Àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀, àwọn àǹtí wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ wà níbẹ̀, ìyá àdúgbò kan á tún gbé odó tiwọn wá. Níbí, obìnrin kan ni pẹ̀lú sítóòfù olójú mẹ́rin. Tí obìnrin kan bá ń dá ṣe é láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Àìkú, tí ìyókù jókòó ti bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má pe ìyẹn ní àṣà Yorùbá fún mi. Ẹ lọ ra ẹ̀fọ́ rírò lọ́wọ́ olóúnjẹ. Ọdún ò ní tìtorí ẹ̀ bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú

Nọ́ọ̀sì, ẹ ò purọ́. Àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń rin ewùrà nílé wa. Ará Èkìtì ni ìyàwó mi, wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tí iṣu fi ṣẹ̀ tí a fi ń fojú ẹ̀ ha páànù.

Ọmọ Ìjàpọ̀ Lewisham

Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan kí ẹ tó lọ jìnnà. Ọjọ́ wo gan-an lẹ fẹ́ ṣe é? Tó bá jẹ́ ọjọ́ 25 gangan, ẹ rántí pé kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí rélùwéè ní London lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí ò bá ní mọ́tò, takisí ló kù, owó ẹ̀ sì máa ń ga lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà tó ń gbé ní Tottenham, báwo ni wọ́n ṣe máa dé Peckham? Nílé wa, ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta la máa ń fi sí. Nílé náà, ṣebí ọjọ́ kejì gan-an ni ìkíni máa ń gbóná, tí kálukú bá ti jẹ ti ilé ẹ̀ tán.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham

Háà. Mi ò ronú kan ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì rárá. Ọjọ́ 27 nígbà náà. Ẹ ṣé.

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ọkọ mi ń ka ibí yìí o.

Ọmọ Ìlọrin

Àsàlámù àlékùn, ẹ kú iṣẹ́ gbogbo. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí ti àna yín.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀dọ̀ alápatà Mùsùlùmí ni kí ẹ ti ra gbogbo ẹran, ti gbogbo ilé o, kì í ṣe pé ẹ yà á sọ́tọ̀ fún wọn. Onígbàgbọ́ lè jẹ ẹ́, Mùsùlùmí lè jẹ ẹ́, kò sí pé ẹnì kan ń wo ìkòkò ẹnìkejì. Tí ìjábẹ̀ àti ṣíbí bá dàpọ̀, kò sí wàhálà. Ọtí, tó bá máa wà, kó wà ní kíṣìnì, kó má wà lórí tábìlì oúnjẹ.

Èkejì ni ìrun, ó sì jẹ mọ́ àkókò tí ẹ máa pe àlejò. Ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn London máa ń wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin. Ìyẹn ni pé láti nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán sí agogo mẹ́rin, ìrun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Àyìlà, Alásárì àti Mọ̀gàríbì. Inú pátì yín gan-an ló bọ́ sí. Ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní òkè, ẹ palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn nígbà tí wọ́n bá wọlé pé yàrá ìrun rèé. Kí wọ́n má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè. Inú àwọn ìyá ọkọ yín á dùn sí yàrá yẹn ju ẹran lọ.

Ọ̀rọ̀ ọdún ọlọ́dún tí ẹ sọ, ní Ìlọrin a ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ní 2000, ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá gan-an ni Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí. Kérésìmesì bá wa lẹ́nu ààwẹ̀. Ìyá onígbàgbọ́ tó kọjú sí ilé wa gbé ìrẹsì wá ní ọ̀sán bí wọ́n ti máa ń ṣe, bàbá wa gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé e pamọ́, òun la fi ṣínu. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, a dá àwo wọn padà pẹ̀lú túwó àti ẹran nínú ẹ̀. Àwo kì í padà lófìfo. Àwọn tí wọ́n sì ń ṣe ìṣirò oṣù sọ pé ní 2030, ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni ààwẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín tètè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham

Yàrá ìrun! Ọ̀kankan nínú wọn ò tíì béèrè lọ́wọ́ mi rí. Wọ́n kàn máa ń tètè lọ ilé ní agogo mẹ́ta, èmi á sì máa rò pé oúnjẹ wa ni ò dùn.

Tóyìn Aláṣọ

Ẹ jẹ́ ká ra ańkárá kan náà fún gbogbo ilé! Mo ní ọ̀kan tó dáa, aláwọ̀ pupa àti góòlù, màá dín owó ẹ̀ fún yín.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ọgbọ̀n èèyàn nínú pálọ̀ kan, gbogbo wọn nínú aṣọ kan náà. Ṣé àwọn àlejò ń wá ṣe ọdún ni àbí wọ́n ń wá kọrin nínú kúáyà?

Tóyìn Aláṣọ

Ó dáa, mo ti gbọ́. Kí wọ́n ṣáà wọ aṣọ òkè wọn wá, kí wọ́n má wọ súwẹ́tà tó ní àgbọ̀nrín láyà.

Ọmọ Thamesmead

Ẹ má bínú sí Yorùbá mi, ibí ni wọ́n bí mi sí, mo sì ń kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ̀yin àgbà ń sọ pé àwọn ọmọ máa ń kó sí òkè pẹ̀lú fóònù. Èmi ti jẹ́ ọmọ yẹn. Kì í ṣe fóònù ló gbé wa lọ sí òkè. Tí a bá wà nísàlẹ̀, ìbéèrè méjì péré ni wọ́n ń bi wá: "Kíláàsì wo lo wà?" àti "Ṣé o gbọ́ Yorùbá?" Tí a bá ní a gbọ́, wọ́n á ní ká sọ nǹkan. Tí a bá sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìfẹ́ ni o, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá ò mọ̀ pé ẹ̀rín ìfẹ́ ni. Ìgbà kejì, òkè ló máa lọ.

Ohun tí mo rántí tó dùn mọ́ mi ni ọdún kan tí ìyá àgbà wa wá láti Ìṣẹ́yìn. Wọ́n ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Wọ́n ní kí n máa gbé omi ìfọwọ́ kiri fún àwọn àgbà kí wọ́n tó jẹun. Mo kúnlẹ̀ síwájú kálukú, wọ́n fọwọ́, wọ́n ṣàdúrà fún mi, mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Gbogbo èèyàn inú ilé ló mọ orúkọ mi lọ́jọ́ yẹn, gbogbo àdúrà yẹn náà ni mo sì gbọ́. Ẹ fún àwọn ọmọ níṣẹ́. Ẹ dákun, ẹ má fi oríkì ṣe ìdánwò fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú

Ọmọ mi, Yorùbá rẹ dáa. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín níbí.

Ìyá Aláṣè Dagenham

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí àti ti Nọ́ọ̀sì, ibì kan náà ló já sí. Nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo máa ń gbé oúnjẹ lọ sí ilé àwọn èèyàn ní ọjọ́ ọdún. Ilé tí wọ́n ti ra gbogbo ẹ̀ pátá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń sọ pé ó dàbọ̀. Wọ́n jẹ, ó tán. Kò sí nǹkan tó so wọ́n pọ̀ ju oúnjẹ tí mo gbé wá lọ, tí èmi ò sì fẹ́ purọ́, oúnjẹ mi ò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí màá ṣe ṣe é tó bá jẹ́ ilé mi. Ẹ ra jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ ra ọbẹ̀, ẹ ra dòdò pàápàá. Ẹ fi mọ́ín-mọ́ín nìkan sílẹ̀ fún ilé. Ní alẹ́ ọjọ́ 26, kí àwọn ọmọ ìbátan tó wà nítòsí wá sùn. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi, kí ẹ gbé abọ́ ńlá méjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì, kí gbogbo ọmọ jókòó yí i ká, ọkùnrin àti obìnrin, kí wọ́n máa fọwọ́ bó o. Máà yín á wà lórí àga níbẹ̀. Ẹ̀wà bíbó máa ń pẹ́, nínú pípẹ́ ẹ̀ yẹn ni àlọ́ ti ń jáde. Ẹ ò ní bẹ̀ wọ́n. Wọ́n á dákẹ́ títí, wọ́n á wá bi àwọn ọmọ yẹn pé: Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Kí ni o? Àwọn ọmọ á máa wo òkè, wọ́n á máa wo ilẹ̀, ìdáhùn sì wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì, tí wọ́n bá gbé mọ́ín-mọ́ín jáde, ẹ wá wo bí ọmọ kọ̀ọ̀kan á ṣe máa sọ fún àlejò pé "èmi ni mo bó o".

Ọmọ Ìjàpọ̀ Lewisham

Ẹ̀yin tí ìyá ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó di ẹrù. Àwọn aṣọ́bodè UK kì í gba ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe wọlé láti ọ̀dọ̀ wa. Kílíṣí, ẹran dídín, wàrà Ìlọrin, inú àpótí ìdọ̀tí wọn ló máa parí sí. Kí màmá má baà máa sunkún ní Heathrow. Ẹ̀wà náà, ẹ rà á níbí: láti 2015 ni Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí oògùn apakòkòrò tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ̀wà olóògùn bẹ́ẹ̀, èmi ò ní fẹ́ kí ọmọ mi máa fọwọ́ bó o.

Ọmọ Pópó Àgùdà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ Èkó ni tèmi, àdúgbò àwọn tó ti Brazil àti Cuba padà wálé ní ọ̀rúndún 19. Kérésìmesì tiwa, ojú títì ló wà: eré ojú títì tí à ń pè ní Fáńtì máa ń jáde láti Campos níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ aláràbarà, fèrè àti ìlù, ó tún ń jáde ní Ọdún Tuntun àti ní Àjíǹde. Kò sí bí ẹ ṣe máa gbé ìyẹn wọ pálọ̀ Peckham.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹ má kó gbogbo oúnjẹ Yorùbá sórí tábìlì kan. Mo ń wo bí ẹ ṣe ń tò ó: jọ̀lọ́ọ̀fù, ìkọ́kọrẹ́, mọ́ín-mọ́ín, túwó, ẹ̀fọ́. Ọjọ́ wo ni wọ́n fi gbogbo ìyẹn ṣe ọdún kan? Lọ́dọ̀ wa, fréjọ̀n, ìyẹn ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, ní ọjọ́ tirẹ̀, Ọjọ́ Ẹtì Rere ni. Ẹ ò lè rí i nílé wa ní Kérésìmesì bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ sanwó. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọmọ ilé fi mọ ọjọ́ náà láìwo kàlẹ́ńdà: tí òórùn àgbọn bá ti gba àdúgbò, ó dé nìyẹn. Ẹ mú oúnjẹ kan tí kì í jáde ní ọjọ́ mìíràn nílé yín, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún Kérésìmesì nìkan lọ́dọọdún.

Tóyìn Aláṣọ

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń se fréjọ̀n yẹn?

Ọmọ Pópó Àgùdà

Ẹ se ẹ̀wà kó jinná dáadáa, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ kúrò ní èèpo. Ẹ rin àgbọn, ẹ fún omi ẹ̀, ẹ dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀wà náà lórí iná kékeré, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki bí ògì. Ṣúgà bí ẹ bá ṣe fẹ́. Ẹ fi gàrí sí i lójú, ẹ fi ọbẹ̀ ẹja tó láta jẹ ẹ́. Dídùn àti ata pọ̀ nínú ẹ̀, ẹni tí ò jẹ ẹ́ rí máa ń bojú jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ará Bahia

Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ Pópó dá sí i láti òdìkejì òkun. Salvador ní Brazil ni mò ń gbé. Níbí, ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń se karurú fún àwọn ẹni mímọ́ Cosme àti Damião, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Ìbejì. Nínú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe gbọ̀ngàn. Ilá gígé wẹ́wẹ́ ni, pẹ̀lú edé gbígbẹ, ẹ̀pà, kaṣú àti epo pupa.

Ọmọ méje ni wọ́n kọ́kọ́ ń bọ́. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á gbé abọ́ kan sí àárín, àwọn ọmọ á máa fọwọ́ jẹ ẹ́. Kò sí àgbàlagbà tó gbọ́dọ̀ bu oúnjẹ títí tí àwọn méje yẹn á fi ṣe tán. Odidi ilá wà nínú ìkòkò tí wọn ò gé. Ẹni tó bá bá a nínú àwo ẹ̀, òun ló máa se karurú lọ́dún tó ń bọ̀. Báyìí ni oúnjẹ ṣe ń lọ láti ilé dé ilé, tí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbàlejò títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì Òru

Odidi ilá yẹn! Ẹ fi odidi ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sínú mọ́ín-mọ́ín kan ṣoṣo, ẹni tó bá bá a pàdé, ilé ẹ̀ la ó ti pàdé lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú

Kí àwọn ọmọ máa jẹun kí àwọn àgbà tó jẹ? Ní ilé wa, bàbá ló ń kọ́kọ́ fọwọ́.

Ará Bahia

Bàbá mi, ṣebí tí ẹ bá se ẹ̀wà Ìbejì nílé, àwọn ọmọ àdúgbò ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Ibi tí àwọn ará ibí ti rí i nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú

Òótọ́ ni. Ti ìbejì nìyẹn o. Ti Kérésìmesì, mo ṣì ń retí ẹsẹ̀ adìẹ mi.

Aládùúgbò Leeds

Ẹ ò tíì dárúkọ àwọn òyìnbó tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Ilé ìlà ni ilé Peckham, ògiri kan ló wà láàárín yín. Òfin ariwo alẹ́ níbí, láti agogo 11 alẹ́ sí agogo 7 àárọ̀ ni, àwọn káńsù sì lè wá gbọ́ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de òfin. Kí ọmọ yín méjèèjì gbé àwo mọ́ín-mọ́ín àti ìrẹsì lọ kanlẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé kò yàtọ̀, a kì í se ọdún kí aládùúgbò máa gbóòórùn lásán. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá edé tàbí ẹ̀pà máa ń ṣe wọ́n ní nǹkan, torí ó lè pa ẹlòmíì níbí, edé sì wà nínú gbogbo oúnjẹ wa. Ìyá àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí kì í kí wa tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, tó bá ti di oṣù Kejìlá, ó máa ń béèrè ọjọ́ tí "pudding ẹlẹ́wà" ń bọ̀, àwo wa sì máa ń padà pẹ̀lú bísíkíìtì nínú ẹ̀.

Ọ̀kan sí i: tí ẹ bá fẹ́ sun àsun, gádìnì ni o, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Ẹ má gbé ẹ̀yinná eléèédú wọ inú ilé tàbí gáréèjì nítorí òtútù. Èéfín tí ojú ò rí, tí imú ò gbọ́, ló ń pa èèyàn níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ 27 ni. Jọ̀lọ́ọ̀fù àti ọbẹ̀, màá rà á, Ìyá Aláṣè ẹ máa rí àtẹ̀jíṣẹ́ mi. Mọ́ín-mọ́ín, ọwọ́ àwọn ọmọ àti máàmi ló wà, ẹyin pẹ́pẹ́yẹ kan á sì wà nínú ọ̀kan. Yàrá ọmọ mi obìnrin ni yàrá ìrun, òun fúnra ẹ̀ ló ní òun máa palẹ̀ ẹ̀ mọ́, mi ò mọ ibi tó ti rí irú ìwà yẹn. Kò sí ẹnikẹ́ni tó máa bi ọmọ kankan pé kíláàsì wo ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ oríkì, máàmi ló máa kì í: wọ́n á máa ki ọmọ kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe ń gbé omi ìfọwọ́ dé iwájú wọn. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ìyá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Jàmáíkà, wọ́n ti pè mí láti Ìjẹ̀bú láti béèrè oríkì wo làwọn máa kì í. Mo ní kí wọ́n kì í ní Àjàní, kí wọ́n fi orílẹ̀ bàbá ẹ̀ kún un. Wọ́n ní ó tán.

Ìkọ́kọrẹ́ ni oúnjẹ tí kò ní máa jáde ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ó wá rin ewùrà yẹn fúnra yín.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú

Mo ti ń bọ̀. Ẹ kàn fún mi ní àdírẹ́ẹ̀sì.

Nọ́ọ̀sì Òru

Gbogbo ẹ̀ dáa. Ìbéèrè kan ló kù, ẹnikẹ́ni ò sì tíì dárúkọ ẹ̀ láti òkè wá: ta ló máa fọ àwo?

Ọkọ Àbẹ̀kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn dáadáa. Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Èmi ni mo máa sun àsun ní gádìnì, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn. Ti àwo yẹn, ẹ jẹ́ kí èmi àti ìyàwó mi jọ sọ ọ́ nílé.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ sọ ọ́ níbí, sà. Gbogbo wa ló ń gbọ́.